Ìgbì Tí Wọ́n Fi Lu Àyà Bàbá Rẹ

Shiogama,
Oṣù Kọkànlá.

Chizuru, ọmọ mi,

Òtútù ti wọlé síbí, mo sì mọ̀ pé ti ọ̀dọ̀ yín ní Fukuoka ò tíì le tó báyìí. Kí lẹ́tà yìí bá ìwọ àti ọkọ rẹ nínú ìlera. Ara tèmi náà ò burú, àfi pé ó rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí tinútinú, mi ò sì rí ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún.

O rántí pé nígbà ooru, àwọn dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ kì í dé apá kan ọkàn bàbá rẹ mọ́, àti pé kò tún sí iṣẹ́ abẹ tí àwọn lè ṣe. Ìdí nìyẹn tá a fi lọ sí Sendai, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ rán ìgbì ìró sí ọkàn láti ìta, bóyá àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ á tún hù níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan, bíi wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Dókítà Onodera, ọmọ tí kò fi ju ọdún méjì dàgbà jù ọ́ lọ, ló ń ṣe é fúnra rẹ̀ lórí ìdúró. O mọ bàbá rẹ, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi. Ó ní, “Dókítà, ẹ rọra kàn án o, pákó àtijọ́ ni.” Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí.

Dókítà ò tàn wá. Ó ní kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ fún, àti pé ó di oṣù mẹ́ta ká tó mọ̀.

Oṣù mẹ́ta pé lọ́jọ́ Ẹtì. Dókítà bi í pé, “Bàbá, ṣé àyà ṣì ń fún yín?” Ó ní, “Rárá o, ó ti lọ, ẹ ṣeun.” Ọmọ náà tẹrí ba mọ́lẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Èmi tí mo ń rí i tó ń fi oògùn àyà sábẹ́ ahọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, mo fomi sẹ́nu. Ṣé èmi ni màá já ọkọ mi nírọ́ níwájú àlejò? Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀.

Ní àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin ló ti jókòó, tó di àyà mú. Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ fi purọ́. Ó ní, “Oníṣẹ́ ọwọ́ kì í sọ lójú oníṣẹ́ ọwọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dúró. Ọmọ yẹn fẹsẹ̀ dúró nítorí mi.” O ò rí i bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Lọ́jọ́ Ajé, mo dá lọ bá dókítà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ojú ò tì í bí bàbá rẹ ṣe rò. Ó kàn jókòó, ó ní, “Màmá, tí gbogbo yín bá ń sọ fún mi pé ó ti san, báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tí mo máa tún ṣe fún?” Ó ní ká padà wá lọ́jọ́bọ̀.

Bàbá rẹ ní òun ò lọ. Láti ìgbà náà, kò bá mi sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, pè é. Má bi í pé ṣé ara le, torí á ní ó le. Bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ń lo oògùn lójúmọ́.

Kí ilé rẹ tòrò. Kí o má ṣe rógun àìsàn, kí ọwọ́ rẹ má dilẹ̀, kí ojú wa tún rí ara wa láìpẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Tomiyo.

Àfikún: Chizuru, èmi bàbá rẹ ni mo kọ èyí. Ìyá rẹ gbé lẹ́tà yìí sórí tábìlì láìlẹ̀ ẹ́, mo sì kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì tó kọ yẹn, èyí tó rí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Màá lọ lọ́jọ́bọ̀.