Orúnkún Òsì àti Ọ̀rá Àgbàdo

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Mo ti di oníjó. Èmi, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kúnlẹ̀ tẹ́ táìsì sílẹ̀ ilé onílé. Gómìnà ló kó wa wọ̀ ọ́. Ìyàwó mi ni, kò mọ̀ pé orúkọ tí mò ń pè é nínú ìwé yìí nìyẹn. Láti ìgbà tí àbígbẹ̀yìn wa ti kó jáde, ilé dákẹ́ jù fún un. Ó ní ká jọ máa ṣe nǹkan kan. Mo rò pé ìrìn ìrọ̀lẹ́ ló ń sọ. Ijó báléè ti àwọn òyìnbó ni! Èyí tí wọ́n máa ń di irin ara ògiri mú, tí wọ́n á na ọmọ ìka ẹsẹ̀ ṣóńṣó. Àwa mẹ́sàn-án ni, èmi nìkan lọkùnrin. Tíṣà wa kéré sí àkọ́bí mi, ó tín-ín-rín, ó dúró ṣánṣán — Abẹ́rẹ́ ni mo sọ ọ́. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n la máa jó fún àwọn ẹbí.

Ẹtì, ọjọ́ kẹfà
Abẹ́rẹ́ ní ká so gìgísẹ̀ pọ̀, ká yí ọmọ ìka síta. Mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ìlà pákó ilẹ̀, mo tò wọ́n gbọọrọ bí ẹni fi okùn wọ̀n wọ́n. Kò sẹ́ni tó rí i ṣe bíi tèmi, Gómìnà pàápàá. Abẹ́rẹ́ wo ẹsẹ̀ mi, ó wo orúnkún mi, ó ní kí bàbá rọra o. Mo ní ó ń jowú mi ni.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje
Orúnkún òsì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án
Àlejò lorúkọ orúnkún náà báyìí. Ó dé láìránṣẹ́, kò sì sọ ìgbà tó ń lọ. Mo kúnlẹ̀ sí ilé ìwẹ̀ oníbàárà kan lónìí, n ò lè dìde mọ́. Onílé béèrè pé ṣé àdúrà ni mò ń gbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
N ò lè sọ fún Gómìnà. Ó tún ti ń kọrin nínú ilé ìdáná, ó sì ti tó ọdún kan tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Tó bá mọ̀, á ní ká jáwọ́, orin náà á sì tán. Mo wé ọ̀rá àgbàdo tó dì gbagidi nínú firísà mọ́ inú tówẹ̀lì, mo ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, mo gbé e lé Àlejò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá
Firísà ti ń kú lọ. Àgbàdo ti rọ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Gómìnà ní òun ò mọ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá
Mo pe ẹni tó ń tún firísà ṣe. Ẹja dì, ẹran dì, omi dì. Àgbàdo nìkan ni kò dì. Ó wò mí tàánú-tàánú.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá
Ìwà òmùgọ̀ gbáà. Mo pẹ́ dé, ara mi ò tíì gbóná, mo ju ẹsẹ̀ sórí irin, mo sì ń tì í sókè sódò kó lè yára gùn. Mo pariwo. Dùùrù tí a fi ń jó dákẹ́. Abẹ́rẹ́ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá mi wí, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní kí n kọ́kọ́ máa rìn kiri kí ara gbóná. Tí mo bá na ẹsẹ̀, kí n dúró síbẹ̀, kí n máa mí, kí n má ṣe tì í sókè sódò. Ibi tó bá ti fẹ́ dùn mí ni kí n ti padà. Ó tún ní ẹsẹ̀ kọ́ ló ń ṣáájú: láti ìbàdí la ti ń yí i, orúnkún á tẹ̀lé e, ọmọ ìka á wá kọjú síbi tí orúnkún kọjú sí.
Mo jókòó. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń pariwo mọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi: ẹ má bẹ̀rẹ̀ táìsì lára ògiri, àárín yàrá ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀! Ara tèmi ni mo wá bẹ̀rẹ̀ lára ògiri. Ojú tì mí gan-an.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Mo bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ìyẹn ìbàdí. Ẹsẹ̀ mi ò ṣí ju ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kà lọ. Kò wu ojú, àmọ́ Àlejò ò fọhùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún
Mo yọ́ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yí i, ó ní nǹkan kan ò já. Kí n máa jókòó sórí àga, kí n na ẹsẹ̀, kí n fún itan pọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá nírọ̀lẹ́. Kí n má tẹ orúnkún wálẹ̀ jìnnà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù ká jó! Títẹ orúnkún ló sì pọ̀ jù nínú ijó ọ̀hún.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún
Àgbàdo tún rọ̀. Iwin ń gbé ilé yìí.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n
Gómìnà ti lọ ṣòkòtò dúdú mi. Ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n
Ká tó wọlé jó, Abẹ́rẹ́ kó wa jọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó ní ẹni tí nǹkan bá ń dùn kó nawọ́ sókè báyìí, òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ara ṣeré. Mo ronú orúnkún mi. Mo ronú orin ilé ìdáná. Mo nawọ́ sókè. N ò lè wo Gómìnà lójú.
Nígbà tí mo fi máa wò ó, ọwọ́ tiẹ̀ náà wà lókè.
Orúnkún ọ̀tún. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì. Ó ní, “Èmi ni mo fà yín wá. Mo rò pé ẹ̀ ń gbádùn ẹ̀ ni.” Mo bi í pé àgbàdo ńkọ́. Ó ní orúnkún tòun lòun ń gbé e lé.
Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó gbé àga méjì sí àárín gbọ̀ngàn. A jókòó, apá nìkan la fi jó, àwọn méje yòókù ń tẹ orúnkún yí wa ká. Àwọn ẹbí rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àbígbẹ̀yìn wa dìde dúró pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé apá kan sókè.
A yà ra ọ̀rá àgbàdo kejì lójú ọ̀nà. A ti jọ jókòó báyìí, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀ lórí orúnkún. Ó ń kọrin lábẹ́ ọ̀fun. Ó ní a ò ní jáwọ́, a ó máa rọra ṣe é ni.
Orin ti dákẹ́. Ó ti yọjú wo ìwé yìí láti èjìká mi, ó ń béèrè ta ni wọ́n ń pè ní Gómìnà.