Kí Wọ́n Má Kọ Ọ́ Pé Ìtàjí Kò Ní Afẹ́fẹ́

Ilé Alágbẹ̀dẹ,
Ìtàjí-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún, ọdún 2008.

Abọ́sẹ̀dé ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárẹ̀, mo kí ọ kú ooru Ìbàdàn tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Ṣé o ń jẹun? Ṣé òpó tí ẹ ń gùn níbi ẹ̀kọ́ yín kò tíì bó ọ ní orúnkún? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀. Ibi tí o bá gùn, ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi sọ̀ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bá wa gbé ọ sọ̀. Àmín. Bàbá rẹ náà ní àmín, iṣu sísun ló wà lẹ́nu rẹ̀ ni àmín tirẹ̀ kò fi dún dáadáa.

Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ewúrẹ́ rẹ ti bí méjì. Fóònù tí o rà fún mi náà wà lálàáfíà, mo fi àdìrẹ wé e sínú àpótí, mo sì máa ń pa á lọ́jọ́ Ìsinmi kí òun náà lè sinmi, ìyẹn ni o fi ń pè tí n kì í gbọ́, tí mo sì fi ń kọ lẹ́tà. Ohun tí ọmọ mi bá fi òógùn ojú rẹ̀ rà, n kì í fi ṣeré.

Fọ́ọ̀mù tí ilé ẹ̀kọ́ yín fi ránṣẹ́ ti dé, èyí tí òbí yóò fi fọwọ́ sí i pé òun gbà kí ọmọ òun máa gun òpó onírin tí afẹ́fẹ́ ń yí abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀. Bàbá rẹ fọwọ́ sí i, èmi ni mo dáhùn ìbéèrè. Wọ́n bi wá bóyá ibi gíga máa ń ba ọmọ wa lẹ́rù. Mo kọ ọ́ pé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ó gun igi obì ẹ̀yìnkùlé, ó kọ̀ kò sọ̀, àfi ìgbà tí mo gbé ẹ̀wà sísè wá sídìí igi. Wọ́n bi wá pé àìsàn wo ló ti ṣe é rí. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí èéyi tó fi dé ọjọ́ tí hóró àgbàdo há sí ọ nínú etí. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò tó, mo bá lẹ ìwé mìíràn mọ́ ọn, kí wọ́n má baà sọ pé a fi nǹkan pamọ́.

Ó yá, ká sọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tí mo kà á débi tí ọ̀gá yín ti wo gbogbo nọ́ńbà afẹ́fẹ́ tí mò ń fi ránṣẹ́ láti oṣù kìíní, tó ní afẹ́fẹ́ Ìtàjí kò lè yí abẹ̀bẹ̀, pé bó bá rí báyìí títí di ìparí oṣù karùn-ún, ìlú akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ni wọn yóò gbé òpó tí yóò máa fi afẹ́fẹ́ tan iná náà lọ, akẹ́kọ̀ọ́ náà ni wọn yóò sì gbà síṣẹ́ nídìí rẹ̀ dípò rẹ, inú bí mi. Inú bí mi débi pé ọbẹ̀ jóná mọ́ mi lórí iná. Ìtàjí wo ni kò ní afẹ́fẹ́? Ṣé àwa tí à ń fẹ́ ẹ̀wà lórí àpáta láti kékeré ni ará Ìbàdàn fẹ́ kọ́ ní afẹ́fẹ́? Ṣebí afẹ́fẹ́ yìí náà ló ṣí òrùlé yàrá àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lóṣù kẹta, tó gbé páànù kan dé ọ̀nà Ayédé, tí ọlọ́kadà kan pàdé rẹ̀ tó fi ọ̀kadà sílẹ̀ sá wọ igbó!

Mo gbé ìbínú mi lọ bá Tíṣà Ọlátúbọ̀sún, tó kọ́ mi ní ìwé nílé ẹ̀kọ́ àgbà, pé kó bá mi kọ̀wé sí ọ̀gá yín lédè òyìnbó. Mo rò fún un bí o ṣe gbé ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ wá ní ọdún tuntun, ife kéékèèké mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ń yí, àti àpótí ìdí rẹ̀ tó ń ka nọ́ńbà afẹ́fẹ́ ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan bíi mítà iná. Mo sọ bí àbúrò bàbá rẹ, Ògúnjọbí alágbẹ̀dẹ, ṣe ṣe òpó fún un tó sì fi okùn sí i bíi ti àsíá ilé ìwé, ká lè máa fà á sókè, ká máa fà á sọ̀. Mo sọ bí mo ṣe ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ láràárọ̀, tí n kò fo ọjọ́ kan, ọjọ́ tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ pàápàá. Tíṣà wá bi mí pé nọ́ńbà wo ló kà lọ́jọ́ tí ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí ni yóò kà? Abẹ́ ibùsùn mi ló wà, mo fi ìró wé e.

Abọ́sẹ̀dé, ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. N kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ìwọ náà ṣáà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, tí afẹ́fẹ́ òjò bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í pe ẹnikẹ́ni, gbogbo obìnrin á sáré lọ kó láfún tí wọ́n sá sórí àpáta, a ó kó kòkó, a ó kó aṣọ, a ó gbé ọmọ. Ẹ̀rọ rẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ fà sọ̀ ná kí n tó kó láfún tèmi. Ohun ẹlẹ́gẹ́ tí ọmọ mi fi sí mi lọ́wọ́, kí n wá jẹ́ kí ìjì fọ́ ọ? Bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, èmi a gbé e wọlé pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ jẹ́jẹ́, tí kò ní ni ín lára, ni mo máa ń fà á sókè.

Tíṣà gbé ẹ̀rín mì, ó jókòó tì mí, ó fi sùúrù ṣàlàyé pé ìjì gan-an ni ẹ̀rọ náà wá kà, àti ti ọ̀sán àti ti òru. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ, èmi sì ni adìẹ ọ̀hún. Láti oṣù kìíní ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́, tí mò ń pè é ní ìtọ́jú. Mo sunkún, n kò ní parọ́ fún ọ. Bàbá rẹ ní kí n dákẹ́, pé ká ṣáà máa fi díẹ̀díẹ̀ kún àwọn nọ́ńbà tó kù. Mo ní rárá o, ohun tí mo fi àìmọ̀ bàjẹ́, n kò ní fi irọ́ tún un ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ti ń sùn síta. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ojú ọ̀run dúdú láti apá Ayédé wá, gbogbo àdúgbò sì sáré jáde. Bàbá rẹ náà sáré jáde, ó ti di okùn mú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Mo gbá a lọ́wọ́ mú. Ó ń fà, mo ń fà, Victoria ìyàwó Ògúnjọbí rò pé ìjà ni, ó ń bẹ̀ wá pé kí àwa àgbà má dójú ti ilé. Kí n tó rán bàbá rẹ létí tán, láfún mi tó wà lórí àpáta ti ń fò lọ bí eérú, òjò kó èyí tó kù, ìjì sì ká páànù mẹ́rin lórí ilé ìdáná wa. Àwa méjèèjì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń wo ife mẹ́ta náà bó ṣe ń yí títí ojú wa kò fi rí i mọ́ pé ife ni. Kò já, kò fọ́. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé uṣẹ́ rẹ yìí lágbára, bó ṣe wí i gan-an nìyẹn.

Àwọn nọ́ńbà tí mo ti ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni 40, 52, 38 lójúmọ́. Ti ọjọ́ Ẹtì yìí, 221. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, Tíṣà wá kà á, bàbá rẹ fi awò ojú rẹ̀ tó ṣẹ́ ku dígí kan kà á. Láfún mi ni òjò pa, nọ́ńbà rẹ kò tutù rárá, mo dì í mọ́ ọ̀rá. Gbogbo ohun tó ti kà láti ìgbà tó ti ń sùn síta wà nínú ìwé kejì yìí. Má jẹ́ kí ọ̀gá yín pò ó mọ́ ti àtẹ̀yìnwá, sọ òótọ́ fún un. Mo mọ̀ pé ojú yóò tì ọ́ láti sọ pé ìyá rẹ ń fi ìró wé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Fara dà á, ọmọ mi, ojú ti èmi náà.

Bí ọwọ́ rẹ bá tó o, bá wa fi owó páànù mẹ́rin ránṣẹ́, òjò ń rọ̀ sínú ọbẹ̀ wa. Ẹni tó ń bọ̀ wálé ni kí o fi rán, má fi sí báńkì o. Èyí tí o fi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà tí mo lọ gbà á ní Ìkọ̀lé, owó tuntun ni wọ́n kà fún mi, n kò mọ ẹni tí wọ́n gbé tìrẹ gan-an fún. Má fi owó láfún kún un. Láfún yẹn, èmi ni mo fi san ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ọlọ́run tó ni afẹ́fẹ́ kò ní jẹ́ kó gbé ire rẹ kọjá ilé wa. Òpó tí o bá dì mọ́, kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá sì jókòó lópin oṣù láti kọ ìpinnu wọn, bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé Ìyá Abọ́sẹ̀dé ni kò mọ̀. Kí wọ́n má kọ ọ́ pé Ìtàjí kò ní afẹ́fẹ́.

Èmi ni Yèyé rẹ,
Ọ̀ṣúnkẹ́mi.