Adágún Omi Ẹ̀yìnkùlé Màmá

Òkè Gádà,
Ẹdẹ.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Roqeeb, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Fawziyah ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà, kí ọyẹ́ Kàdúná má sì bá yín jà ju bó ṣe yẹ lọ. Àwa náà wà dáadáa níbí. Orúnkún Màmá ṣì ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn, ẹnu wọn sì mú bó ṣe máa ń mú.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ dípò kí n pè ọ́. O mọ̀ pé bí ìwọ àti Màmá bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, gbogbo ilé ló máa ń gbọ́. Bí mo bá sì fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí Wasáàpù, o lè ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ níbi tí kò yẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ dé etí Màmá. Ìdí nìyí tí mo fi fi ìwé náà rán Ọláyínká, ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ wá ṣèpàdé ní Kàdúná. Jọ̀wọ́, ìwọ nìkan ni kí o kà á.

Ọ̀rọ̀ adágún omi tí o ní kí n bá Màmá gbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé ni. Láti ọjọ́ tí o ti fi àwòrán èyí tó wà nílé ọ̀gá rẹ hàn wọ́n, wọn ò jẹ́ kí n sinmi. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n kàn ń ṣeré ni, àfìgbà tí wọ́n sọ fún mi pé láti ìgbà tí orúnkún ò ti jẹ́ kí àwọn rìn dé etí Ọ̀ṣun mọ́, ògiri búlọ́ọ̀kù nìkan ni àwọn ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. “Fàsílà, ògiri kì í mira,” ni wọ́n wí. “Mo fẹ́ máa wo nǹkan tó ń mira.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti mú ọ̀rọ̀ náà ní òkúnkúndùn.

O mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ó ti di ọdún méjìlélógún tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti omi, n kò lè ní kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀ tí n kò tíì wọ̀n. Ẹ̀yìnkùlé wa kéré: ẹsẹ̀ bàtà méjìlélọ́gbọ̀n ní òró, mẹ́rìnlélógún ní ìbú. Kànga wà lápá ọ̀tún, adágún kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, kí omi tó dúró sójú kan má baà máa yọ́ wọnú omi tí à ń mu. Ìpìlẹ̀ ilé ìdáná wà lápá òsì, omi kò sì gbọdọ̀ máa rin ìyẹn náà. Hasanat ọmọ mi kò tíì pé ọdún mẹ́ta, omi tí kò ju orúnkún àgbà lọ sì lè pa ọmọdé, nítorí náà a ní láti fi irin yí i ká. Ní ti ẹ̀fọn, ẹja kéékèèké á máa jẹ àwọn ọmọ rẹ̀ nínú omi kí wọ́n tó hu ìyẹ́. Nígbà tí mo yọ gbogbo ibi tí kò ṣeé gbẹ́ kúrò, ibì kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn ìdí ògiri ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìbẹ́pẹ.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ lè gba omi dúró kò le. A óò gbẹ́ ihò tó jìn tó ìgúnpá, a óò rọ omi kún un kí ilẹ̀ kọ́kọ́ mu ún yó, lẹ́yìn náà a óò tún rọ òmíràn sí i, a óò ti rúlà bọ inú rẹ̀, a óò sì máa kọ iye tó fi ń lọ sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ní àárọ̀ Jímọ̀, ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, mo gbẹ́ ihò náà sí etí ibi tí mo fẹ́ kí adágún wà. Láti aago mẹ́jọ títí di méjìlá, omi náà kò lọ sílẹ̀ ju bí èékánná ṣe nípọn lọ. Amọ̀ gidi ni. Mo pe Màmá láti ibi tí mo wà pé ilẹ̀ yìí á gba omi dúró títí Hasanat á fi bímọ. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ti ń sọ ibi tí àwọn á gbé àga àwọn sí.

Bàbá Kékeré nìkan ni kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní omi á wó ògiri. Mo ya ìpìlẹ̀ ògiri sórí ìwé fún wọn, mo fi ibi tí omi máa mọ hàn wọ́n. Wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ ò ní jẹ́ ká sùn. Mo ní ẹja á jẹ ẹyin rẹ̀. Wọ́n ní ejò á máa wá mumi níbẹ̀. Mo ní ejò tí òùngbẹ ń gbẹ ní Ẹdẹ ti mọ ọ̀nà Ọ̀ṣun tipẹ́. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. O mọ̀ pé Màmá kì í dárúkọ Bàbá Kékeré, torí pé àbúrò ọkọ wọn ni, wọ́n sì ti wà nílé kí wọ́n tó gbé Màmá wọlé ní ìyàwó. “Akọ̀wé,” ni wọ́n wí, “ẹni tí ìjọba ń sanwó fún torí omi lẹ ń bá jiyàn yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jẹun.” Bàbá Kékeré ò rẹ́rìn-ín rárá. Èmi ń yọ̀ pé kò sí ohun tí wọ́n sọ tí n kò rí èsì fún. Ojú ń tì mí báyìí. Mo ń dáhùn ohun tí wọ́n ń sọ, n kò bi ara mi pé kí ló dé tí àgbàlagbà yìí fi ń wá ìdí kiri.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ náà, Bàbá Kékeré ní kí n fi mọ́tò gbé àwọn lọ ra iṣu ní Sekona. Nígbà tí a kúrò láàárín ìlú, wọ́n ní kí n dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ní, “Fàsílà, ibi tí o fẹ́ gbẹ́ yẹn, Azeemah ló wà níbẹ̀.”

Ìwọ náà mọ̀ pé ẹnìkan wà láàárín èmi àti ìwọ, tó lo oṣù méje péré láyé. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni àwa mọ̀. O sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Bàbá Kékeré sọ pé lọ́jọ́ náà, àwọn ìyá àgbà ti Màmá mọ́ iyàrá, wọ́n sì rán Bàbá wa lọ sí ìlú Awo láti lọ pe ẹnìkan tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Bàbá Kékeré nígbà náà. Àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn kan tó ti di olóògbé ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà, tí wọ́n tẹ́ ẹ padà, tí wọ́n sì gbá ewé lé e lórí. “A ò gbẹ́ ẹ jìn,” ni wọ́n wí. “Ilẹ̀ ibẹ̀ le.” Ọdún kọkànlélógójì rèé. Ṣé o rántí ìjà tí wọ́n bá Bàbá jà nígbà tí Bàbá fẹ́ kọ́ ilé adìyẹ síbẹ̀? Gbogbo wa ló ní ìlara ni. Wọn ò bá wa jiyàn, wọ́n kàn gba orúkọ burúkú náà mọ́ra.

Bí mo ṣe ń wa mọ́tò náà lọ, mo ń rò ó. Kì í ṣe pé mo ń ṣiyèméjì bóyá kí n gbẹ́ ẹ. Ìyẹn ti parí. Ohun tó le ni ohun tí n óò sọ fún Màmá, torí wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu mi pé amọ̀ ni. Bí mo bá kàn ní mo ti yí ọkàn padà, wọ́n á bi mí léèrè títí, wọ́n sì mọ̀ mí. Bí wọ́n bá sì fura ju bẹ́ẹ̀ lọ, láti ọjọ́ náà, wọn ò tún ní lè jókòó sí ẹ̀yìnkùlé yẹn mọ́. Ibẹ̀ sì nìkan ló kù tí wọ́n ń jókòó sí.

Roqeeb, mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ohun tí rúlà bá sọ, kì í ṣe tiwa láti yí i padà. Nígbà tí Màmá jókòó sórí àga nínú ilé, tí wọ́n ń kírun àsárì, mo mú abọ́ kan, mo kúnlẹ̀ sídìí ihò náà, mo sì bu gbogbo omi inú rẹ̀ dànù sídìí ìbẹ́pẹ. Nígbà tí abọ́ ò lè bu ú mọ́, mo fi àkísà fà á gbẹ. Lẹ́yìn náà mo ti rúlà mi bọ̀ ọ́ padà, mo sì dúró dè wọ́n.

Wọ́n fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ dé ibẹ̀, wọ́n ti ẹnu ọ̀pá náà bọ inú ihò. “Omi ọ̀hún dà?” Mo ní ilẹ̀ ti mu ún. Wọ́n ní, “Ṣebí ìwọ lo ní amọ̀ ni láàárọ̀?” Mo ní amọ̀ náà kò nípọn, pé yanrìn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n wo ihò náà pẹ́. Mo rí i pé ó dùn wọ́n. “Ó dáa,” ni wọ́n wí. “Ìwọ lo kàwé rẹ̀. Kí n ṣáà padà sọ́dọ̀ ògiri mi.” Bàbá Kékeré dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Èmi náà ni mo kó ilẹ̀ padà sínú ihò, mo sì fi ọwọ́ tẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n n kò fi wọ́n sílẹ̀ sọ́dọ̀ ògiri. Mo ra táǹkì dúdú kan tó ti sán lórí, mo ní kí wọ́n gé e sí méjì, a sì fi búlọ́ọ̀kù gbé ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ síwájú ibi tí àga wọn máa ń wà. Kò nílò kí a gbẹ́ ilẹ̀ rárá, ó sì ga ju ibi tí ọwọ́ Hasanat lè dé. Mo bu òṣíbàtà wá láti etí odò sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ Wẹ́sídeè ni Màmá ti ń wò ó. Wọ́n ní kò lẹ́wà tó ti ọ̀gá rẹ, pé ó jọ ibi tí màlúù ti ń mumi, síbẹ̀ wọn kì í kúrò nídìí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi nìyí. Bí Màmá bá bi ọ́, sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò lè gba omi dúró. Má fi ohunkóhun kún un. Bàbá Kékeré ti ń dàgbà, èmi àti ìwọ ni ó kù tí a óò máa ṣọ́ ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ilé sí i, kí wọ́n má sì gbẹ́ kànga sí i. Ní ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ náà, Bàbá Kékeré rìn kọjá níbẹ̀ bí ẹni ń wo èso ìbẹ́pẹ, wọ́n dúró sójú ibẹ̀ gan-an, wọ́n wúkọ́, wọ́n sì lọ. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wọn. Dúró sí igun tí ògiri ẹ̀yìn ti pàdé ògiri ilé ìdáná. Wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàlá lọ sápá ìbẹ́pẹ lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn, kí o wá wọn márùn-ún wá sápá ilé. Há a sórí, kí o sì fa ìwé yìí ya. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n. Kò sí irọ́ nínú èyí.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí Màmá sí fún wa. Kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ dàgbà lójú rẹ, kí ìwọ àti Fawziyah má rí àdánwò lórí wọn. Kí ọ̀nà rẹ máa là ní lílọ àti ní bíbọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Fàsílátù.

Mo gbàgbé ohun kan: Màmá ní bí o bá ń bọ̀ nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀, kí o bá àwọn ra ẹja wẹ́wẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sínú táǹkì náà. Wọ́n ní kí o bi àwọn tó ń tà á dáadáa, torí irú èyí tí kì í tètè kú ni àwọn fẹ́.