Eyín Bàbá Yín Wà Lábẹ́ Omi Láìgba Ìwé Àṣẹ

Ọmọ mi, ìkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé onílé yín ti tún òrùlé tó ń jò yẹn ṣe? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, àfi eyín bàbá yín.

Eyín àtọwọ́dá tí o ṣe fún un lọ́dún tó kọjá ni mò ń wí. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti sọ etí òkun wa di ọgbà ìjọba, tí àwọn àlejò ń wá ki orí bọ omi kí wọ́n lè wo ẹja. Bàbá yín wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó rí obìnrin kan tó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́nu fi ń mí, ìdí rẹ̀ nìkan ló léfòó, bàbá yín rò pé ó ti kú ni. Ibi tó ti ń pariwo ẹ gbà wá o ni eyín ti fò jáde, ó rì.

Bó ṣe fẹ́ bẹ́ tẹ̀ lé e báyìí, ẹ̀ṣọ́ ọgbà fọn fèrè. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ki orí bọ omi gbọ́dọ̀ san owó òòjọ́, kó sì gba ìwé àṣẹ, torí ẹja tó máa wò. Bàbá yín bẹ̀ ẹ́ pé òun á di ojú. Ẹ̀ṣọ́ ní owó kan náà ni.

Àṣé obìnrin tí ò kú yẹn rí eyín náà lórí àpáta nísàlẹ̀. Òfin ní àlejò ò gbọdọ̀ mú nǹkan kan kúrò níbẹ̀, ló bá ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Wọ́n ti lẹ fọ́tò náà mọ́ ògiri ọ́fíìsì ẹnu géètì, láàárín akàn àti ìjàpá omi. Àwọn àlejò ń bi mí pé kí ló máa ń jẹ. Mo ní ẹran ni, tó bá rí.

Ohun tó ń já mi láyà ni owó òòjọ́ yẹn. Ara orí ni eyín, kì í ṣe ara ẹsẹ̀, ó sì ti wà lábẹ́ omi tọ̀sán-tòru láti ọjọ́ Ajé, owó ń gorí owó. Ẹ̀yìnkùlé ni bàbá yín ń gbà jáde báyìí kí wọ́n má bàa mú un. Sátidé sì ni ìgbéyàwó àbúrò rẹ, bàbá yín ló máa bá àwọn àna sọ̀rọ̀. Lánàá ó fi mí dánra wò, ó ní òun ń kí mi káàbọ̀, èmi rò pé ó ń lé ewúrẹ́ ni.

Jọ̀ọ́, fi owó ìwé méjì ránṣẹ́, ti bàbá yín àti ti eyín. Má fi í sínú fóònù mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti là, kó má lọ jò dànù. Ti télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni kó o fi í sí.

Tí kò bá sì tètè dé, má dààmú. Èmi ni màá dúró ti bàbá yín, màá máa túmọ̀ gbogbo ohun tó bá sọ fún àwọn àna, bó ṣe wù mí. Ó gbọ́ bẹ́ẹ̀, ló bá ní kí n kọ ọ́ síbí pé kó o sáré.

Ohun tó wà lẹ́nu rẹ ò ní bọ́ sómi o, ọmọ mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.