Omi Tí Mo Pọn De Ọkọ̀ Rẹ

Àkọ́bí mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí ọ kú àìrójú ara ẹni, torí ìyẹn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun kánú? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ọ́ ṣàwátì. Àwa náà ń bẹ láàyè, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti fúyẹ́ díẹ̀, orí ló wá kù tó dàrú, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rẹ ló sì dà á rú.

O sọ lórí fóònù pé iléeṣẹ́ yín fún ọ ní ọkọ̀ tí kì í mu epo bẹntiróòlù, pé atẹ́gùn kan tí wọ́n ń fà yọ nínú omi, háídírójìn, ló ń mu, pé kì í rú èéfín, omi lásán ló ń kán nídìí rẹ̀. O wá ní o ò lè gbé e wálé torí kò síbi tí wọ́n ti ń rọ nǹkan sí i lápá ọ̀dọ̀ wa. Mo ní háà, ṣé ọmọ yìí ti gbàgbé kànga ẹ̀yìnkùlé ni?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi. Mo sè é, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí inú má baà run ọkọ̀ olówó ńlá. Àgbá ti kún yàrá rẹ débi pé ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń wo bẹ́ẹ̀dì rẹ. Mo gbé etí lé ọ̀kan bóyá màá gbọ́ atẹ́gùn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ mo gbé òkúta lé ọmọrí kó má baà sá lọ. Èyí tí ò yé mi ni pé tó bá mu omi, tó tún tọ omi, kí ló wá jẹ nínú rẹ̀? Ẹ ò ṣe gbé ike sídìí rẹ̀, kẹ́ ẹ máa bù ú padà fún un?

Bàbá rẹ ní irọ́ ni wọ́n ń pa fún ọ. Ó ní láti ìgbà tóun ti ń ṣe mẹkáníìkì, ọkọ̀ tí omi bá wọ táǹkì rẹ̀, ṣe ló máa ń wúkọ́ kú. Ó tún ní tí ọkọ̀ ò bá rú èéfín, báwo lèèyàn á ṣe mọ ohun tó ń ṣe é? Mo bi í pé tó bá jẹ́ irọ́, kí ló dé tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, tó fi àyè ọkọ̀ kan sílẹ̀ tí oníbàárà kankan ò gbọdọ̀ gbé tiẹ̀ sí? Ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó tún gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Obìnrin tó ń ta epo ní kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í kí mi mọ́, ó ní ọmọ mi fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu òun.

Àná ni àbúrò rẹ obìnrin yà wá kí wa. Ó rí àwọn àgbá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní wọn kì í bu omi sí i, pé ẹ̀rọ ńlá ló ń fa atẹ́gùn náà yọ, irú rẹ̀ ò sì sí níbí. Ó wá ní, ṣùgbọ́n Màámi, àwọn ọkọ̀ tó ń mu epo ṣì ń ná ọ̀nà yìí lójoojúmọ́. Mo bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó lọ tán, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọ mi, kò yé mi. Ṣé ọkọ̀ ni ò lè wá, àbí ìwọ ni ò fẹ́ wá? Bá a bá ṣẹ̀ ọ́, sọ ọ́ síta. Tó bá jẹ́ èéfín ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ lò ń sá fún, màá ní kó má tan ọkọ̀ kankan lọ́jọ́ tó o bá wà nílé.

Mo fẹ́ kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn ẹsẹ̀ mi. Àmọ́ tó bá jẹ́ owó yẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ, má fi ránṣẹ́ mọ́, fi wọ ọkọ̀ eléèéfín wá. Àlọ rere la máa ń gbàdúrà fún ọ látijọ́, Ọlọ́run sì ti gbọ́ ìyẹn. Àbọ̀ ni mo ń tọrọ báyìí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.