Ohun tí Bàbá Fọlá sọ nínú omi gbígbóná

Ọjọ́rú, oṣù Keje, 1996. Iceland.

Ọkọ̀ ojú omi wa gúnlẹ̀ láàárọ̀. Bọ́ọ̀sì gbé èmi àti Bàbá Fọlá, ọkọ mi, lọ wẹ omi gbígbóná tó ń ru jáde látinú ilẹ̀. Omi náà funfun bí omi ògì.

Omi náà mù wá dé ọrùn nígbà tí ọkọ mi ní, "Ìyá Fọlá, Largo tí a ń gbé ní Amẹ́ríkà yìí ti sú mi. Mo fẹ́ padà sílé, n'Íbàdàn."

"Àwọn ọmọ wa ńkọ́?"

"Wọ́n ti dàgbà."

Lọ́sàn-án, a rìn káàkiri Reykjavik, olú-ìlú Iceland. Òtútù mú. Ó ra fìlà onírun àgùntàn fún mi, mo sì dé e.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, mo ní kó máa lọ, mi ò lè fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi sílẹ̀.

Ó ní òun ti mọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ti rà.