Àmì Àtàǹpàkò Nínú Ògiri

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

A ti ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta dé, a bá omi nílé. Ó ti kún ìloro, ó ti wọ yàrá ìgbàlejò, ó ti gbé bàtà kan ṣoṣo láti ẹnu ọ̀nà lọ sí ìdí tẹlifíṣọ̀n. Ògiri ilé ìdáná wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Apá kan àjà ti já sórí sítóòfù.

Ìyá Àgbà, ìyá ìyàwó mi, ẹni tó ni ilé yìí kí ó tó fà á lé wa lọ́wọ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi sọ ọ́: “Ẹ pe Kòjò.”

Kòjò. Púlọ́ńbà tó to gbogbo páìpù ilé yìí ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn. Wọ́n ní ohun tó bá ti fọwọ́ kàn kì í jò. Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Òun náà ni gbogbo àdúgbò rò pé yóò fẹ́ ìyàwó mi.

Mo ní n ó tún ilé náà ṣe fúnra mi. Ìwé ẹ̀rí ilé kíkọ́ tí mo gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, kì í ṣe pé mo gbà á láti fi kọ́ sára ògiri.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta

Mo ti omi pa láti ìta. A kó rọ́ọ̀gì síta, wọ́n wúwo bí òkú ẹran. Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, fún aṣọ ìnulẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi hunjọ. “Bàbá Ìbejì, ọkùnrin yẹn mọ ibi tí gbogbo páìpù gbà. Ẹ̀yin á kàn máa gbẹ́ ògiri kiri bí òkété ni.”

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti dárúkọ Kòjò lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo kà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Òòlù. Eruku. Orúkọ Kòjò, ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo ṣí ògiri ìloro. Páìpù irin, bí mo ṣe rò. Níbi tí páìpù méjì ti pàdé, Kòjò fi símẹ́ńtì bò ó, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ símẹ́ńtì náà nígbà tó ṣì tutù. Ìṣe rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà èwe: oríkèé tí kò bá tíì dá a lójú, kì í tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ gbẹ táútáú.

Ìyá Ìbejì gbé omi mímu wá fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ sínú àmì náà. “Ó ṣì wà,” ni gbogbo ohun tó sọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ògiri ló rẹ́rìn-ín sí.

Mo mu omi náà. Kò dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo ti rí ibi tó bẹ́. Ẹ̀yìn síńkì ilé ìdáná. Kì í ṣe páìpù irin. Páìpù oníke ni, tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ti irin, ó sì ti là bí ẹnu ẹja tó kọjú sókè sí àjà.

Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí a ra síńkì tuntun. Ìyá Ìbejì ní kí n pe Kòjò, mo kọ̀, mo fi gọ́ọ̀mù tó ti ń dì nínú agolo ṣe é láàárín wákàtí kan.

Mo gé e kúrò, mo dí ẹnu páìpù irin tó kù. Mo wé e sínú ìwé ìròyìn, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́.

Nídìí oúnjẹ, wọ́n bi mí bóyá mo ti rí i. “Páìpù àtijọ́ ni,” mo wí.

Ìyá Àgbà fi ṣíbí sílẹ̀. “Ti Kòjò?”

N kò fèsì. Wọ́n sì gba àìfèsì mi bí èsì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ní orí ń fọ́ mi. N kò lè wo ojú Ìyá Àgbà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Irọ́ tí mo pa, mo fẹ́ sọ ọ́ di òótọ́. Mo yá pọ́ńpù ọlọ́wọ́ níbi iṣẹ́, èyí tí a fi ń dán páìpù wò: a ó ti omi sínú páìpù títí abẹ́rẹ́ ojú pọ́ńpù yóò fi gòkè, a ó fi í sílẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ náà bá ń bọ̀ wálẹ̀, omi ń jáde níbì kan.

Mo tì í títí abẹ́rẹ́ fi dé mẹ́fà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti wálẹ̀ sí mẹ́rin.

Páìpù irin. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ayọ̀ tó gba ọkàn mi kò ṣeé ròyìn. Mo rẹ́rìn-ín lémi nìkan láàárín eruku. “Kòjò tó jò,” mo wí sókè — orúkọ yẹ̀yẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fún un níbi iṣẹ́ kan nígbà kan rí.

Mo fẹ́ kọ ìdí rẹ̀ síbí. Ọwọ́ mi kọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

N ó kọ ọ́.

Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ là ń kọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, èmi ni alábòójútó. Kòjò ni púlọ́ńbà. Ẹgbẹ́ ni wá. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, òjò ń rọ̀, mo rí ọmọbìnrin tí mo ń dọ́gbọ́n wá lẹ́nu géètì. Ó di agbòjò mú sórí Kòjò, kí ó lè ráyè so okùn bàtà rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èjìká tirẹ̀ ń tutù nínú òjò, kò sì mọ̀ ọ́n lára. N kò sùn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ tí a dán páìpù wò, abẹ́rẹ́ wálẹ̀. “Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un yẹ̀ wò,” ó wí. Mo ti rí ohun tó fà á. Rọ́bà pọ́ńpù fúnra rẹ̀ ló ń jò, níbi tó ti wọ inú pọ́ńpù. Omi ń kán sí bàtà mi ti òsì. Kò sí nǹkan kan tó ṣe páìpù.

Mo sún ẹsẹ̀ mi. Mo kọ sínú ìwé pé páìpù ń jò. Mo fọwọ́ sí i.

Wọ́n lé e lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Kò sí ẹni tó tún gbé iṣẹ́ ńlá fún un mọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń tún ẹ̀rọ omi ṣe láti ojúlé dé ojúlé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo gbé ọmọbìnrin náà níyàwó.

N kò sọ fún ẹnì kankan rí. Ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ó yẹ kí ohun tí mo kọ níjẹta ti dá mi dúró. Kò dá mi dúró. Mo fọ́ ògiri yàrá ìgbàlejò láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì. Oríkèé márùn-ún, àmì àtàǹpàkò márùn-ún, gbogbo wọn gbẹ. Abẹ́rẹ́ sì ń wálẹ̀ síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì dúró lórí òkìtì àlàpà: “Ṣé ilé lẹ ń tún ṣe ni, àbí ẹ ń wá nǹkan?”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìyá Àgbà gbé àga jókòó láàárín eruku, ó fi gèlè bo imú, ó ń wò mí bí mo ṣe ń ti pọ́ńpù.

“Bàbá Ìbejì.”

“Mà.”

“Omi ń kán sí ẹ ní bàtà.”

Mo wolẹ̀. Bàtà òsì. Láti ẹnu rọ́bà, níbi tó ti wọ inú pọ́ńpù.

Mo jókòó sórí àlàpà. Ìyá Àgbà rò pé ó rẹ̀ mí ni. Ó ní kí n lọ nàyìn díẹ̀. Nígbà tí ó wọlé, mo fún ẹnu rọ́bà náà le, mo tún tì í dé mẹ́fà. Wákàtí kan. Abẹ́rẹ́ kò mira.

Mo ti fọ́ ògiri mẹ́ta nítorí kí ọkùnrin kan lè jẹ̀bi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo sọ fún Ìyá Ìbejì. Nínú ilé ìdáná tí kò lájà. Láti bàtà àkọ́kọ́ dé bàtà àná. Mo tú páìpù oníke náà jáde nínú ìwé ìròyìn, mo gbé e lé síńkì.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró. Ìbéèrè kan ló bi mí: “Ṣé nítorí tèmi ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ má fi mí kún un.”

Kò dárúkọ Kòjò lẹ́ẹ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Èyí burú ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó sùn ní yàrá ìyá rẹ̀. Mo fi páìpù irin rọ́pò èyí tó bẹ́. Mo tú u lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìyá Ìbejì jáde láàárọ̀ lọ bá Kòjò, ó padà dé. “Ó ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. N kò sọ nǹkan kan fún un. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́.”

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Kòjò dé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó wo ògiri kan, ó wo èkejì. “Ẹnjiníà, ṣé ogun jà níbí ni?” Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ìyá Ìbejì náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni n kò ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn, òun ló sì fà á.

Mo sọ ọ́ lójú àwọn obìnrin méjèèjì. Kòjò kò dáwọ́ dúró, ó ń kó irinṣẹ́ jáde nínú àpò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dákẹ́:

“Mo mọ̀. Ti òsì tutù, ti ọ̀tún gbẹ. Mo rí i kí ẹ tó sún ẹsẹ̀.”

“Èé ṣe tí o kò sọ ọ́?”

“Ta ni ìbá gbà mí gbọ́? Ẹ̀yin lẹ ni bírò.”

Ìyá Àgbà tú gèlè kúrò lórí, ó ká a lé itan. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi mọ́.

Kòjò wo oríkèé tuntun ẹ̀yìn síńkì. Ó fi ìka yí i ká. “Ta ló ṣe èyí?” Mo ní èmi ni. “Ó dáa.” Láti ọjọ́ tí mo ti gbàwé ẹ̀rí, ọ̀rọ̀ kan kò tíì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí pé ẹnu rẹ̀ ló ti jáde.

Ó po símẹ́ńtì díẹ̀, ó fi bò ó. Kò tẹ̀ ẹ́. “Iṣẹ́ yín ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ó bá dá yín lójú.” Ó ti pọ́ńpù dé mẹ́fà, ó ní kí n wò ó fún wákàtí kan.

Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ kọ ọ́.”

“Kọ kí ni?”

“Ohun tó yẹ kí ẹ kọ lọ́jọ́ náà. Ẹ fọwọ́ sí i. Déètì òní ni kí ẹ fi sí i.”

Mo kọ ọ́: páìpù náà kò jò, pọ́ńpù ló ń jò, mo sì mọ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi sí àpò àyà, ó dé bọ́tìnì rẹ̀. Kò sọ pé ó ti tán. N kò bi í.

Ìyá Ìbejì ló sìn ín dé géètì. Bí mo bá dìde, n ó rí wọn láti ojú fèrèsé. Mo ń gbọ́ ohùn ìyàwó mi, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

N kò dìde. Wákàtí kan kò tíì pé. Ìyá Ìbejì kò tíì wọlé. Símẹ́ńtì náà ṣì rọ̀, n kò tíì tẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ náà kò mira.